Mántírà Tí Mo Fi Ṣọ́ Ọkọ Mi

Ọjọ́rú, 17 oṣù Keje

Oṣù mẹ́rin mímọ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Òjò ò dá láti àná, odò Krishna sì ti bo àtẹ̀gùn tí àwọn alágbàfọ̀ máa ń jókòó sí. Gbogbo ilé ló ti sọ ohun tí wọ́n máa fi sílẹ̀ títí Vithoba, òrìṣà wa, yóò fi jí lójú oorun. Èmi fi àlùbọ́sà àti ìkàn sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Kusum, aládùúgbò wa, fi ṣúgà sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì tí á fi padà sídìí rẹ̀. Ọkọ mi, Bàbá Mukta, ní iyọ̀ lòun fi sílẹ̀.

Iyọ̀! Ọkùnrin tó jẹ́ pé láti ìgbà tí mo ti wọlé rẹ̀ ló ti ń bu iyọ̀ sórí oúnjẹ kó tó tọ́ ọ wò. Mo bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "Ìyá Mukta, ṣé èèyàn ò lè ṣe ẹ̀sìn nínú ilé ara rẹ̀ mọ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 21 oṣù Keje

Ọjọ́ àwọn gúrú, àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn wa. Bàbá Mukta jí, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó ní òun ń lọ gba mántírà, ọ̀rọ̀ mímọ́ tí a ń pè lápètúnpè, lọ́dọ̀ gúrú wa Vishwambhar Maharaj ní etídò. Mo ní kó dúró kí n múra. Ó ní kí n má ṣèyọnu, òjò pọ̀.

Mo mọ òjò. Òjò kọ́ ló fi mí sílé. Kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ irú mántírà oṣù mẹ́rin yìí, ó gbọ́dọ̀ bu omi àti ìrẹsì sọ́wọ́, kó dárúkọ ara rẹ̀ àti ìran rẹ̀, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń tọrọ. Ìyàwó ló máa ń jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, tí á fọwọ́ kan apá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é nígbà tí a fẹ́ ṣílé, bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é nígbà tí a fa Mukta ọmọ wa fọ́kọ. Irú ọkùnrin kan ṣoṣo ni kì í mú ìyàwó dání: ẹni tó bá fẹ́ kúrò nílé, kó fi ayé sílẹ̀.

Ó dé ní ọ̀sán, ó rin gbingbin, ó rọra ń gun àtẹ̀gùn bí ẹni pé ẹlòmíì ló ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Kí lẹ tọrọ?"

"Nǹkan kékeré ni."

"Mántírà wo ni wọ́n fún yín?"

"Shalini, o mọ̀ pé a kì í sọ ọ́."

Ó pe orúkọ mi. Kì í pe orúkọ mi àfi tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 oṣù Keje

Tòmátò ti di ọgọ́rin rúpì kílò kan. Ta ni mo tiẹ̀ ń se ọbẹ̀ aládùn fún?

Bàbá Mukta kì í dùbúlẹ̀ mọ́. Ó kó ìrọ̀rí mẹ́ta ti ògiri, ó fẹ̀yìn tì í, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ń mọ́ bá a. Ó ní mántírà dùn ún pè lójókòó. Mo na etí, mo na etí. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan kan àfi bó ṣe ń mí bí ẹni tó gbé ẹrù gun òkè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo bi í pé irú mímí wo nìyẹn. Ó ní bí gúrú ṣe kọ́ òun nìyẹn.

Mo ti rí ẹni tó ń ṣàṣàrò rí. Bàbá bàbá mi ṣe é títí ó fi kú. Kò mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Kẹjọ

Kusum wá yá ẹ̀rọ ìlọta mi. Ó ti padà sídìí ṣúgà, mo rí i létè rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Mukta, ṣé o gbọ́ ti tíṣà kan ní Satara?"

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tó gba mántírà lọ́dún tó kọjá. Ó kọ́kọ́ fi tíì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ibùsùn sílẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́rin pé, ó ṣe òkú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹni tó ti kú, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn ti àwọn tó fi ayé sílẹ̀, ó dorí kọ òkè àríwá. Títí dòní, ìyàwó ò mọ̀ bóyá ó wà láàyè."

"Ìyàwó sì gbà?"

"Wọ́n ní ó gbà. Gúrú ò lè fún un láṣọ tí ìyàwó ò bá gbà. Àmọ́ ìwọ náà rò ó wò: ọkùnrin tó ti fi ibùsùn sílẹ̀, kí lo fẹ́ fi dá a dúró?"

"Ẹnu mi ni màá fi dá a dúró."

"Ẹnu rẹ kẹ̀?" Kusum bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé kì í ṣe ẹnu yẹn gan-an ló ń lé e lọ!"

Mo gbé ẹ̀rọ fún un, mo ti ilẹ̀kùn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Iyọ̀, ibùsùn, ìpinnu tí ìyàwó ò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ kan ẹ̀bùrú nínú.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Kẹjọ

Mo dé láti ọjà, mi ò rí súwẹ́tà rẹ̀ méjèèjì. Ó ti kó wọn fún Namdev ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ó ní òtútù máa mú Namdev ju òun lọ. Ṣé òtútù kì í mú àwọn aláṣọ ọsàn lókè àríwá ni?

Lẹ́yìn oúnjẹ ó pè mí. "Wá, jẹ́ kí n fi bí a ṣe ń béèrè gáàsì lórí fóònù hàn ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ ti ń béèrè rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti ń dáná gáàsì."

"Ó yẹ kí ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tó fi yẹ?"

Ó kọjú sí fèrèsé. Mo gba fóònù, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣì í tẹ̀. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ò mọ gáàsì í béèrè, kò lè lọ síbì kankan.

Ọjọ́rú, 21 oṣù Kẹjọ

Lónìí ó kọ́ mi bí a ṣe ń tan ẹ̀rọ tó ń fa omi. Mo tún ṣì í tẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 26 oṣù Kẹjọ

Mo lọ bá gúrú. Bí ọkọ mi bá lè gba mántírà láìsí mi, èmi náà lè gbà á láìsí òun. Kí n má purọ́ nínú ìwé ara mi: kì í ṣe torí Ọlọ́run ni mo ṣe lọ. Mo fẹ́ mọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí ọkùnrin létí tí kì í fi lè sùn ti ìyàwó rẹ̀ mọ́.

Mo bá bàbá náà níbi tó ti ń bó ẹ̀pà. Ó ní, "Kí lo fẹ́, ìyá?"

"Mántírà ni, Bàbá."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kí làwọn yòókù ń fi ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Àwọn kan ń fi wá Ọlọ́run. Àwọn kan ń fi wáṣẹ́ fún ọmọ wọn. Ìwọ, ó jọ pé iṣẹ́ ọlọ́pàá lo fẹ́ fi ṣe."

Ó ní kí n bu omi àti ìrẹsì, kí n sọ ohun tí mo ń tọrọ. Mo dárúkọ mi, mo dárúkọ ìran wa, mo wá sọ ọ́ ketekete: "Kí ọkọ mi má lọ."

Ọwọ́ gúrú dúró. "Ta ló sọ fún ọ pé ó ń lọ?"

"Ojú mi ni."

Ó wò mí títí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fa aṣọ bo orí àwa méjèèjì, ó sì sọ ọ́ sí mi létí ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ kúkurú báyìí! Mo rò pé á gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé kì í ṣe ẹyọ kan yìí náà ló ń pín fún gbogbo ìlú?

Nígbà tí ó ká aṣọ kúrò, mo ní, "Bàbá, ṣé òun náà lẹ fún ọkọ mi?"

"Bí mo bá sọ tiẹ̀ fún ọ, mo gbọ́dọ̀ sọ tìrẹ fún un."

Mo dìde. Àmọ́ ara fu mí gidigidi. Ọkùnrin yẹn mọ nǹkan.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù Kẹsàn-án

Ilé ìdáná ni mo ti ń pe tèmi, tí Bàbá Mukta bá jáde lọ sétídò. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, mo rántí pé ìyẹ̀fun ti ń tán. Mo tún pè é, mo rántí ohun tí ìyàwó àbúrò mi sọ sí mi níbi ìgbéyàwó kan ní ogún ọdún sẹ́yìn. Mo dá a lóhùn tán nínú ọkàn mi, mo dá a lóhùn dáadáa, kí n tó rántí pé àṣàrò ni mo ń ṣe.

Tí èyí bá ń dá ẹnikẹ́ni dúró nílé, á yà mí lẹ́nu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù Kẹsàn-án

Ganapati, òrìṣà olórí erin, wọlé lónìí. Láti ọdún tí a ti fẹ́ra, Bàbá Mukta ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ère rẹ̀ láti ilé amọ̀kòkò. Lónìí ó ní kí ọkọ Kusum bá òun gbé e. Òun tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń dúró ní gbogbo ojúlé bí ẹni ń kí àwọn èèyàn.

Kusum na ìka sí i. "Wò ó! Ó ń dágbére fún wọn ni."

Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, ó sì ń dùn mí nínú nítorí ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀sẹ̀ àwọn babańlá la wà. Àlùfáà wá bá wa ṣe ètùtù bàbá ọkọ mi tó ti kú. Bí mo ṣe ń gbé tíì bọ̀, mo gbọ́ tí Bàbá Mukta ń bi í pé, "Tí èèyàn ò bá lọ́mọkùnrin, ṣé ọmọbìnrin lè ṣe òkú rẹ̀?"

Àlùfáà ní ayé ti yí, ó lè ṣe é.

"Tàbí kó kúkú fúnra rẹ̀ ṣe é sílẹ̀ ńkọ́?"

Díẹ̀ ló kù kí n da tíì sí ara mi. Àwọn tó ń wọ aṣọ ọsàn nìkan ló ń fọwọ́ ara wọn ṣe òkú ara wọn. Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Mo gbé tíì kalẹ̀, mo wojú ọkọ mi, ó wojú ife.

Mo lè bi í. Kí ló dé tí mi ò bi í? Torí pé tí mo bá bi í, ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, 9 oṣù Kẹwàá

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò fẹ́ràn. Mo ń fọ ẹ̀wà, mi ò ro nǹkan kan, mo wá gbọ́ mántírà náà nínú mi, ó ń lọ fúnra rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ń pè é. Mo dúró, ó dúró díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀wà, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, ta nìyẹn? Bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn nìyí. Bí wọ́n ṣe mú Bàbá Mukta nìyí. Mo tan rédíò.

Ṣùgbọ́n kí n sọ tòótọ́, ọwọ́ mi balẹ̀ nídìí ẹ̀wà náà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ tí òjò ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 31 oṣù Kẹwàá

Diwali, ọdún àwọn fìtílà. Òjò ti tán, òtútù òwúrọ̀ ti dé, epo ti wọ́n gógó. Mo fi epo pa Bàbá Mukta lára kó tó wẹ̀, bí a ṣe ń ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka mi ò kún padà. Mo ní kò burú, ẹni tó ń fi gbogbo òru jókòó, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní wú?

Mukta pè láti Nagpur. "Màámi, kí ló ń ṣe Bàbá? Ohùn wọn ti lọ sísàlẹ̀."

"Mántírà ni."

"Mántírà wo ló ń gba ohùn èèyàn?"

"Bi gúrú rẹ̀."

Mo gé fóònù. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù mẹ́rin pé. Mo tún ọ̀rọ̀ mi tò: mi ò gbà, mi ò gbà, mi ò sì ní gbà láéláé.

Ọjọ́rú, 13 oṣù Kọkànlá

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Gúrú wá jẹun nílé wa lónìí láti parí mántírà Bàbá Mukta. Mo ti se gbogbo rẹ̀ láti òwúrọ̀, mo sì ti pinnu pé tí wọ́n bá fi lè ní kí n jẹ́ kó lọ, ìkòkò ni màá kọ́kọ́ jù. Gúrú wá ké sí mi. "Ìyá, wá jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀."

Bàbá Mukta ní, "Bàbá, a ò jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

"Mo mọ̀. O bẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn, mo gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n onílé ò lè parí rẹ̀ láìsí ìyàwó, kò sí i nínú àṣà. Bu omi. Tún ohun tó o tọrọ sọ, kó o da èrè rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó o ṣe é fún."

Mo fọwọ́ kan apá ọkọ mi. Apá náà ti gbẹ. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ ìran rẹ̀ àti odò wa. Ó wá wolẹ̀, ó ní, "Kí ọkàn mi, tí dókítà ní ó ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, gbé mi parí oṣù mẹ́rin yìí, kí n lè fi ilé han Shalini kó tó ku òun nìkan."

Ó da omi náà sí mi lọ́wọ́.

Iyọ̀. Ìrọ̀rí mẹ́ta. Ẹsẹ̀ wíwú. Lóṣù tí gbogbo èèyàn ń fi nǹkan du ara wọn, ta ló ń béèrè ìdí? Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣọ́ ọkùnrin yìí, mo ṣọ́ ọ títí, mi ò rí i.

Inú bí mi kí ẹkún tó dé. Mo ní, "Ẹ wà níwájú Ọlọ́run, odindi èèyàn, oṣù mẹ́rin péré lẹ tọrọ?"

"Mi ò fẹ́ tọrọ jù."

"Ta ló sọ fún yín pé Vithoba ń ṣahun? Kí ni dókítà ní kí ẹ ṣe?"

"Ó ní kí wọ́n la àyà mi. Ẹ̀rù bà mí, Shalini."

"Ẹ̀rù bà yín, ẹ wá lọ fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí!" Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo yíjú sí gúrú. "Ẹ̀yin náà mọ̀!"

Ó ní, "Ohun tí èèyàn bá sọ pẹ̀lú omi lọ́wọ́, èmi kì í gbé e kiri. Mo sọ fún un títí pé kó sọ fún ọ. Ìdí tí mo fi ní kó o wá jókòó nìyẹn."

Omi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún Bàbá Mukta pé èmi náà ti gba mántírà, pé ohun tí mo tọrọ ni kó má lọ, àti pé tèmi ò tíì parí.

"Ìwọ? Mántírà?" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, èémí ò sì tó o. Mo dì í mú lẹ́yìn títí ó fi lè mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 oṣù Kọkànlá

Dókítà ní ilẹ̀kùn kékeré kan nínú ọkàn rẹ̀ ti le, kì í ṣí dáadáa mọ́. Ó ní a pẹ́ kí á tó dé, ṣùgbọ́n a ò tíì pẹ́ jù. Mo bi í ní ìbéèrè títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Bàbá Mukta ní, "Ẹ má bínú, dókítà, bó ṣe ń ṣe nìyẹn." Mo ní bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn lóòótọ́, ẹni tí mi ò ṣe é fún ló wà níjókòó yìí.

Ìlú Pune ni wọ́n ti máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Ọjọ́ Ajé, 25 oṣù Kọkànlá

Wọ́n ti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Kí wọ́n tó tì í lọ, ó na ọwọ́ sí mi. Mukta wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn, ó ń sunkún. Bàbá rẹ̀ ní, "Shalini, gbé etí rẹ wá. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ. Mo mọ̀ pé ó ti ń jẹ ọ́ lọ́kàn."

Ọlọ́run rí mi. Láti ọjọ́ àwọn gúrú ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti na etí sí i, mo ti wo ètè rẹ̀, mo ti lọ jókòó lábẹ́ aṣọ gúrú nítorí rẹ̀. Ó wá gbé e wá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì mọ ohun tó fà á: ó rò pé òun ò ní padà.

Mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ mú un dání lọ. Tí ẹ bá jáde, ẹ ó sọ ọ́ fún mi."

"Tí mi ò bá jáde ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí inú máa bí mi sí yín nígbà náà."

Ó rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tì í lọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo jókòó sórí àga onírin, mo ń pe tèmi, mi ò ka iye rẹ̀. Bóyá gúrú pín in fún gbogbo ìlú, bóyá èmi nìkan ló fún, mi ò bìkítà mọ́. Òun ni mo ní lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, 27 oṣù Kọkànlá

Wọ́n yọ rọ́bà kúrò lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì ní kí n wọlé, kí n má pẹ́, kí n má jẹ́ kó sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ojú rẹ̀ là. Ó fi ìka pè mí. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ, mo sì ti ṣèlérí pé màá gbọ́ ọ. Mo tẹ̀ba, mo gbé etí ọ̀tún mi sí i lẹ́nu.

Ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní rárá, mi ò tíì jẹun láti àná. Mo sunkún níbẹ̀ lójú nọ́ọ̀sì, mo sunkún dáadáa. Ó ní kí n lọ jẹun ná. Mo lọ.